Orúkọ Méjìlélógún Nínú Èémí Kan

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Sìlífátù kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ aṣọ ló ń bá mi sọ. Ọjọ́bọ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán. Ó ti jáde nílé, ó ti kọjá ṣọ́ọ̀bù onígáàsì, ló wá rántí pé ojú ọ̀run ṣú. Kò padà wá. Ó kàn yíjú, ó ní, "Ìyáálé mi! Bí òjò bá dé, ẹ bá mi ká aṣọ orí okùn o! Ẹ ká tiyín náà mọ́ ọn, kí ẹ má baà máa wí pé mo rán yín níṣẹ́!" Àwọn tó wà lójú ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ilé mẹ́fà ló wà láàárín wa, kò pariwo, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ ketekete bí ẹni tó jókòó tì mí. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, wọ́n pè mí láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kí n tó dé ọsibítù, ó ti kú.

Èmi ni ìyáálé, òun ni ìyàwó. Abdulmumin tó ń jó irin, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló fẹ́ àwa méjèèjì. Nígbà tó mú Sìlífátù wọlé, ọdún méjì gbáko ni n kò fi bá a jẹun nínú àwo kan. N kò ní purọ́, orogún ni orogún. Ṣùgbọ́n ọkọ wa ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àwọn ọmọ ti lọ sílé tiwọn, ó wá ku àwa méjì nínú yàrá méjì l'Ágége. Ta lèèyàn tún fẹ́ máa jowú lé lórí? Mò ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Dópẹ̀mú. Òun ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ ike n'Íkẹjà.

Iṣẹ́ ìdúró ni. Wákàtí méjìlá. Bí ẹ̀rọ bá ti la ẹnu, á fa abọ́ gbígbóná jáde, á tò ó, ẹ̀rọ á tún la ẹnu. Ọdún kọkànlá tó ti wà níbẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀. Dókítà ní kó lọ rí obìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀tọ́lá, tó ń fi eré ìdárayá wo aláìsàn. Obìnrin náà kò fún un ní oògùn kankan. Ó ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ká orúnkún sókè, ó gbé ife ike lé e níkùn, ó ní, "Màmá, ẹ mí kí ife yìí gòkè. Àyà yín ò gbọdọ̀ mira."

Ní gbogbo àárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, orí ẹní ni Sìlífátù wà pẹ̀lú ife níkùn. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ṣé àdògán ni ikùn rẹ ni, tí o fi ń gbé nǹkan kà á?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, Ìyáálé mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, òkè àyà nìkan lẹ ti ń mí, bí ẹni tí ajá ń lé."

Ẹ̀yìn náà sàn. Ṣùgbọ́n orin ló jẹ́ kí n kọ ìtàn yìí.

Ẹgbẹ́ àsálátù wa máa ń pàdé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. A ní orin kan tí à ń pè ní Orin Orúkọ. Ẹni tó bá ń lé e á pe orúkọ gbogbo ìyá tó ti kú nínú ẹgbẹ́, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn, nínú èémí kan ṣoṣo, kí àwa yòókù tó gbè é pé kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Kò gbọdọ̀ mí láàárín. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ẹni tí a bá mí kí a tó dé orí rẹ̀, a ti yà á kúrò lára àwọn yòókù nìyẹn. Nígbà tí orúkọ jẹ́ márùn-ún, ta ni kò lè pè é? Ikú kì í sinmi. Nígbà tó pé mẹ́rìndínlógún, gbogbo àwọn olóhùn wa ló ń kọsẹ̀.

Ọ̀já la gbójú lé. Ẹni tó bá fẹ́ lé orin náà á fi ọ̀já di ikùn gírígírí, bí ẹni tó fẹ́ gún iyán fún odindi ìlú. Àlájà Ìbílọlá, ọmọ Ìjẹ̀bú, olórí ẹgbẹ́ wa, ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ so ó. Á ní, "Obìnrin tí kò di ikùn, orin á jò lára rẹ̀." Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó kan Sìlífátù, ó tú ọ̀já náà lójú gbogbo èèyàn, ó ká a, ó fi í lé Àlájà lọ́wọ́.

"Àlájà mi, ẹ má bínú. Àpò gàrí ni wọ́n ń so lọ́rùn. Èmi kì í ṣe gàrí."

"Ìwọ Sìlífátù! Ṣé o fẹ́ kí ìró rẹ já sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí ni?"

"Kò lè já, mo ti fi píìnì mẹ́ta há a."

Ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ó dẹ orúnkún. Ó mi apá bí ẹni ń gbọn omi kúrò lára aṣọ, ó gbé orí ró bí ẹni ru omi, torí ẹni tó ru omi kì í tẹ ọrùn. Mo ń wo èjìká rẹ̀, kò gbéra rárá. Ó pe mẹ́rìndínlógún, èémí sì tún ṣẹ́kù tó fi rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ wa. Kí a tó kọrin, á ní ká dìde, ká máa gbé ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, ká máa tú èémí sílẹ̀ láàárín eyín, síììì. "Ẹ jẹ́ kó máa jò díẹ̀díẹ̀, ẹ má dà á nù!" Àwọn kan ń kùn pé ṣé iṣẹ́ sójà la wá kọ́ ni. Èmi ní tèmi, ẹ̀yìn ni mo máa ń wà, mo ń gbè, mo ń ṣe é bó ṣe wù mí. Orúkọ ń pọ̀ sí i, ó sì ń gbé e, títí ó fi di mọ́kànlélógún. Òun fúnra rẹ̀ wá di ìkejìlélógún.

Ọjọ́ fídáù ogójì rẹ̀, wọ́n bèèrè ẹni tí yóò lé Orin Orúkọ. Èmi ni mo dìde, ọ̀já sì wà nídìí mi. Mo dì í tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dùn mí. Ọdún mẹ́fà ló fi sọ fún mi pé kí n má dì í, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ń ṣe mí bí ẹni pé bí n kò bá di ara mi mú, màá tú ká sílẹ̀ ni. Mo fi agbára pe ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé orí ẹni kẹrìnlá, èémí tán. Àwọn kan gbè, àwọn kan ń wojú mi.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Àlájà Ìbílọlá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Làsísì, a ó gé e sí méjì. Mọ́kànlá, ká mí, mọ́kànlá."

"Orúkọ ta lẹ fẹ́ kí n mí kí n tó pè, Àlájà?"

Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ báyìí?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin."

"O wá fẹ́ máa bá èémí jà."

"N kò bá a jà. Ẹ fún mi di Máòlúdì. Bí n kò bá lè gbé e lọ́jọ́ náà, kí ẹ gé e."

"Má wá kú sí mi lọ́rùn o. N kò mọ ẹni tí yóò pe mẹ́tàlélógún!"

Mo délé, mo gbé ife ike, mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ife kò mira, àyà mi ló ń gòkè, tó ń sọ̀. Hàmdálàt ọmọ Sìlífátù, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àgídìngbì, wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé, ó bá mi níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn mi.

"Màmá, ẹ mí sí ọwọ́ mi."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ṣé mo lè gbé nínú ilé yìí kí n má mọ̀ ọ́n ni? Ẹ mí, ẹ má sọ̀rọ̀. Èjìká yín tún ti gòkè."

Mo sunkún lórí ẹní náà, ife sì ṣubú. Mo tún gbé e lé e. Nígbà tó yá, ó gòkè díẹ̀, bí ìgbà tí ẹyẹ bá fẹ́ fò tí kò tíì fò.

Lójú ọ̀nà Dópẹ̀mú, òpó iná ni mo fi ń wọn èémí: èémí kan fún òpó kan, títí mo fi ń fi èémí kan gba òpó méjì kọjá. Nínú ṣọ́ọ̀bù mò ń pe orúkọ lábẹ́lẹ̀. Kazeem tó ń ránṣọ wá ra òwú, ó gbọ́ mi.

"Ìyá, ta lẹ ń pè?"

"Àwọn tó ti kú."

"Súbúhánáláì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún mi ní òwú dúdú mi kí wọ́n tó dé."

Mo kẹ́kọ̀ọ́ pé orúkọ àkọ́kọ́ ló ń jí èémí mi gbé. Mo máa ń lọgun rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé mo lókun. Mo wá ń fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo tún rí i pé bí mo bá dé orí ẹni kẹtàdínlógún, orúnkún mi máa ń le gan-an, ọ̀fun náà á sì le. Bí mo bá ti gbé ara sí ẹsẹ̀ kejì, ọ̀nà á là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí mọ́kàndínlógún. Mo bú èémí, mo bú ife, mo bú Sìlífátù fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kejì mo tún dìde.

Máòlúdì ku ọjọ́ mọ́kànlá. Láàárọ̀ àná, mo pe mọ́kànlélógún nínú èémí kan, kò sì ku nǹkan kan nínú mi. Orúkọ Sìlífátù ni ìkejìlélógún. N kò tíì pè é.