Ẹ̀wà Inú Ilé Ọ̀rá ní Semonkong

Ọdún Kérésìmesì àti ọdún Àjíǹde nìkan ni Tankiso máa ń wálé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é láti ìgbà tó ti gbé ìyàwó rẹ̀ sílé, tó sì padà sí Welkom ní South Africa lọ wa wúrà nínú kòtò. Ọmọ méjì ni obìnrin náà bí fún un, Selloane nìkan ló yè, òun ni wọ́n sì ń fi pè é ní gbogbo Semonkong, ìlú orí òkè ní Lesotho: Maselloane, ìyá Selloane. Maselloane ló ń roko. Òun ló ń tọ́jú àgùntàn. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé, òun náà ló gun àkàbà.

Nígbà tó yá, wọ́n ti kòtò wúrà pa, Tankiso sì kó àpótí rẹ̀ wálé pátápátá. Selloane ti lọ sílé ọkọ ní Maseru. Ó wá ku àwọn méjèèjì.

Ojú ti Maselloane láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò mọ ọkùnrin náà. Kò mọ̀ bóyá iyọ̀ púpọ̀ ló ń fẹ́ tàbí díẹ̀. Tankiso á jókòó sídìí iná, á jẹun, á dúpẹ́ bí ẹni tó wà nílé onílé, á sì dákẹ́. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yà fún ara wọn.

"Ẹ kọjá, Bàbá Selloane."

"Rárá, ìwọ kọ́kọ́ kọjá."

Ní oṣù kejì ọdún náà, yìnyín wó ẹ̀wà oko Maselloane mọ́lẹ̀ nígbà tó ń tanná lọ́wọ́. Agolo irúgbìn kan ló kù sílé, ẹ̀wà alámì pupa tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, tí ẹlòmíràn kò ní irú rẹ̀ mọ́ ládùúgbò. Ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, ó ṣí agolo náà, ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ rí. Kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ó dà á sórí ẹní, ó ń ṣà á, ojú rẹ̀ ń ṣomi.

"Kí ló dé?" Tankiso bi í.

"Kòkòrò ni. Kí òjò tó dé, kò ní ku ẹyọ kan."

"Gbìn ín nísinsìnyí."

"Nínú òtútù yìí? Bàbá Selloane, ẹ ti pẹ́ jù ní Welkom. Bí ìrì dídì bá kan ẹ̀wà lónìí, ó ti kú lọ́la."

"Ìrì dídì kò ní kàn án," ni Tankiso wí, ó sì jáde.

Ara ògiri ilé tí oòrùn ń pa ló kọ́ ilé ọ̀rá kan sí. Ó ri òpó bí wọ́n ṣe ń fi òpó gbé àpáta ró nínú kòtò, ó ta ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè wọ̀ bò ó. Ó kó ìgbẹ́ ẹṣin tó ṣì gbóná sábẹ́ ilẹ̀. Ó wá fi ọ̀dà dúdú kun àgbá mélòó kan, ó pọn omi kún wọn, ó tò wọ́n sínú ilé náà kí wọ́n máa gba oòrùn ní ọ̀sán, kí wọ́n sì máa tú ooru sílẹ̀ lóru. Maselloane gbin irúgbìn tó yè. Mamolefe, aládùúgbò wọn, dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Maselloane, wọ́n ní o kọ́lé fún ẹ̀wà. Ṣé á máa sanwó ilé ni?"

"Ìwọ ni ǹ bá fún ní yàrá kan níbẹ̀, àmọ́ o máa ń hanrun jù. Ẹ̀wà mi kò ní rí oorun sùn."

Ẹ̀wà náà hù. Láràárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti yọ́ ìrì dídì, tọkọtaya náà á wọlé lọ bomi rin ín, wọ́n á so ìtàkùn rẹ̀ mọ́ igi. Ibẹ̀ ni ẹnu Tankiso ti là. Bóyá nítorí pé wọn kò wojú ara wọn ni, ewé ni wọ́n jọ ń wò.

"Àpáta wó dí wa mọ́nú kòtò nígbà kan," ló sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. "A wà níbẹ̀ títí iná tó wà lórí àṣíborí wa fi kú."

Ọwọ́ Maselloane dúró. "Ẹ kò sọ fún mi rí."

"O lóyún Selloane nígbà náà. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Kí lẹ wá ń rò nínú òkùnkùn yẹn?"

"Mò ń wá bí mo ṣe máa rántí ojú rẹ. A kò tíì jọ gbé pẹ́ kí n tó lọ, o mọ̀. Imú rẹ nìkan ló wá sí mi lọ́kàn."

"Imú! Nínú gbogbo ara mi?"

"Imú náà dára," ni Tankiso wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Maselloane rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, òun náà sọ nípa ọmọkùnrin wọn tó kú, tí wọ́n ti sin kí Tankiso tó dé. Ó sọ irú kúbùsù tí òun fi wé e, ó sọ ẹni tó gbé e lọ sin. Tankiso di ìtàkùn ẹ̀wà kan mú, kò so ó, kò sì fi í sílẹ̀, títí ìyàwó rẹ̀ fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, "Ta ló jọ?"

"Ẹ̀yin ni."

Ní oṣù keje, Tankiso gun ẹṣin lọ ra kẹrosíìnì. Kò tíì padà tí òjò dídì fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Orí ilé ọ̀rá tẹ̀. Maselloane fi ìgbálẹ̀ lu ú láti abẹ́ kí òjò dídì lè yọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n igun kan ya, atẹ́gùn sì wọlé. Ó bọ́ kúbùsù tó dà bora bí àwọn ará òkè ibẹ̀ ti máa ń ṣe, ó ta á bo ẹ̀wà, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀rá tó ya náà mú. Kò mọ̀ bó ti pẹ́ tó. Ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kí ó tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

"Kúbùsù rẹ dà?"

"Ó wà lára ẹ̀wà."

"Ṣé orí rẹ dàrú ni? Ẹ̀wà lo fẹ́ kú sí? Kí n wálé wá bá òkú?"

Tankiso kò jágbe mọ́ ọn rí. Maselloane ń gbọ̀n, àmọ́ igbe náà dùn mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀ bọ́ kúbùsù tirẹ̀ wé e, ó gbé e jókòó sáàárín àwọn àgbá, ó ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń bá a jà lọ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ náà gbóná ló tó dìde lọ rán ọ̀rá.

Àwọn ẹ̀wà tó wà nítòsí ibi tó ya dúdú, wọ́n sì kú. Ìyókù yè é. Wọ́n tanná ní oṣù kẹjọ, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, èso wọn ti ń wú. Tankiso já ọ̀kan jẹ ní tútù, Maselloane sì gbá ọwọ́ rẹ̀.

"Irúgbìn ni! Ẹ tu ú!"

"Mo ti gbé e mì."

Nígbà tí òjò dé, ẹ̀wà tó gbẹ ju èyí tí wọ́n gbìn lọ dáadáa. Mamolefe rọra wá kí wọn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, Maselloane sì bu abọ́ kan fún un kó tó tọrọ. Ìyókù lọ sí oko. Ilé ọ̀rá wá ṣófo, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí wọ́n máa gbìn síbẹ̀ nígbà òtútù tó ń bọ̀. Tòmátì ni Tankiso ń fẹ́. Maselloane ní ẹ̀fọ́ ni, pé ta ló ń fi tòmátì jẹun lójoojúmọ́?

"Èmi."

"Láti ìgbà wo?"

"O kò bi mí rí!"

Oúnjẹ tutù síwájú wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì gbà fún ẹnì kejì.