Ìka Méjì Bọ̀dá Bámiṣayọ̀

Káfíńtà ni bọ̀dá mi, Bámiṣayọ̀, ní Kugbo, l'Ábújá. Gìtá ló fi ń sinmi. Lọ́dún 1984, ẹ̀rọ ìrẹ́gi gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ òsì yẹn ló sì fi ń tẹ okùn gìtá. A rò pé ó ti parí.

Màmúdù, ọmọ Ìlọrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Kai, Bọ̀dá, ẹ gbé gìtá yẹn fún mi. Màá fi pákó ẹ̀ ṣe àpótí."

"Orí ẹ ni n ó fi ṣe àpótí."

Kọ́ọ̀dù máínọ̀ ló ń wá, àwọn ohùn tá a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó máa ń dún bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Ohùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ìka mẹ́ta la fi ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù gun àtẹ̀gùn ilé kan ní Gàríkì. Bọ̀dá ló máa ń wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ ń dùn ún, ó ní kí èmi tí mo wà láàárín bọ́ síbẹ̀. Ẹrù kò yí, àwa náà kò yí, àmọ́ ìwúwo rẹ̀ fì síbòmíràn. Ó bá dúró, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Láníyì! Ti àárín ni kó wà nísàlẹ̀!"

"Bọ̀dá, ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń pa mí!"

Bá a ṣe délé, ó tẹ́ ìka tó tẹ̀ lé àtàńpàkò lé okùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ìka àárín tẹ ẹ̀kẹta. Kò kan okùn tó nípọn jù. Ohùn mẹ́ta náà ni, ohùn ti àárín ló wá wà nísàlẹ̀, tó gbé méjì yòókù. Ó ti rí kọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ibà pa á lóṣù kẹta 1988.

Ó ti kọ́ mi ní gìtá kó tó kú. Ìbídùnní, ìyàwó rẹ̀, ní kí n ta orin tó ṣe fún òun níbi ìsìn ìrántí rẹ̀. Kọ́ọ̀dù yẹn ló wà nínú orin náà, mo sì rò pé àìsí ìka ló jẹ́ kó máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ní márùn-ún, mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó pé fún un. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́.

"Ọkọ mi kékeré," ni Ìbídùnní wí, "ó dáa. Àmọ́ kì í ṣe òun."

Ọjọ́ Sọ́ńdè ìsìn náà pé. Wọ́n pè mí síwájú. Mo gbé gìtá lé itan. Mo ká ìka méjì mọ́ àtẹ́lẹwọ́, mo tẹ́ ọ̀kan lé okùn méjì, mo fi ìkejì tẹ ẹ̀kẹta, bíi ti Bọ̀dá. Mo ta á.

Ìbídùnní yíjú sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tó gbọ́ pé Bọ̀dá ń wọlé bọ̀.

Èmi náà wo ibẹ̀.