Ibi Tí Pín Ti Wá

Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tíṣà, fi ń kọ ọ̀rọ̀ ìṣirò sórí páálí kéékèèké, tó ń kó wọn jọ sínú agolo mílíìkì. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló ní òun fẹ́ mọ orírun àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mò ń bá a tẹ iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà, sùúrù sì ti tán lára mi. Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ ìwé rẹ̀ àfi tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn.

Pín ló dá wa dúró. Ìtumọ̀ rẹ̀ kún páálí mẹ́rin: ọmọ méjì pín bisikíìtì, ẹbí pín ogún, tọkọtaya pínyà, ohun tó kan ẹni láyé ń jẹ́ ìpín, ká tó wá dórí ọgọ́ta tí a fi márùn-ún pín. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ṣẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Bàbá káfíńtà kan tiẹ̀ ní kí n lọ bi ẹni tó kọ́kọ́ pín nǹkan.

"Ẹ jẹ́ ká fo ibẹ̀, Mà."

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò mọ̀."

Olóòtú ilé ìtẹ̀wé tí mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí pè mí. "Ta ló fẹ́ ra ìwé tó ní òun ò mọ̀? Tí n ò bá rí nǹkan gidi níbẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì, a ò tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Inú bí mi sí i, inú bí mi sí Màmá Tíṣà pàápàá. Ọdún mọ́kànlá! Mo jókòó, mo hun irọ́: àwọn ọdẹ àtijọ́ ló gbọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń dún "pín, pín" lórí egungun ẹran. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìwé jáde. Ojú-ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ń yìn kiri, ó sì ń bí mi nínú bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Màmá Tíṣà kò lè kàwé mọ́ nígbà náà. Ó na ìwé rẹ̀ sí mi látorí ibùsùn. "Ka pín fún mi."

Mo kà á látòkè. Nígbà tó kan ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, mo fo ìtàn àwọn ọdẹ.

"A ò mọ̀," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rù ti ń bà mí pé wọ́n á fi dandan mú ọ parọ́ lórúkọ mi. O ṣé, ọmọ mi. Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Mo tún un kà.