Ibi Tí Láfún Kì Í Tètè Gbẹ

Bí ẹ bá rí Gàfárù nínú aṣọ káàkí rẹ̀ lọ́dún 1976, ẹ ó rò pé òun ló ni gbogbo bàlúù tó ń fò lójú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ olùṣọ́ lásán ni o. Ìwó ló ti wá sí Èkó. Ọdún mẹ́jọ ló fi ru ẹrù nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ kí wọ́n tó gbà á pé kó wá máa ṣọ́ pápákọ̀ òfurufú kékeré kan tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Àjàó Estate. Wọ́n ní àwọn bàlúù kéékèèké tó ń lọ sí Ìlọrin àti Benin ni yóò máa bà síbẹ̀. Ẹ má sọ "kékeré" létí Gàfárù ṣá, ìjà ni yóò dà.

Oko ẹ̀gẹ́ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó epo dé, tí ìjọba ò mọ ohun tí wọn ì bá tún fi ṣe, katakata ya wọ inú oko náà. Kí ọdún tó yípo, ọ̀dà dúdú ti nà lọ tàràrà níbi tí àwọn ìyá arúgbó ti ń fa ẹ̀gẹ́ tu.

Àìná, ìyàwó Gàfárù, ọmọ Abẹ́òkúta ni, láfún ló ń ṣe tà. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n gbà ní Ìsọlọ̀, oòrùn kì í sì í dé àgbàlá wọn.

"Bàbá Mísbáù, ẹ jẹ́ kí n máa sá láfún mi sórí ọ̀dà yẹn," ni Àìná wí. "Ṣebí bàlúù kankan ò tíì bà síbẹ̀?"

Gàfárù kọ̀. Ó tún kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló bá a gbé agbọ̀n. Kí n má parọ́, ta ló fẹ́ máa bá ìyàwó rẹ̀ jà lójoojúmọ́?

Oṣù méjì gbáko ni Àìná fi sá láfún síbẹ̀. Ọjọ́ kan péré, ó ti gbẹ. Àfi ibì kan, tó fẹ̀ tó yàrá méjì, níbi tí láfún ti ń lo ọjọ́ mẹ́ta tí yóò sì tún bu. Àìná bá yẹra fún ibẹ̀. Gàfárù mọ ohun tó fà á. Odò kékeré tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ nígbà kan ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ni àwọn kọngílá tó gba iṣẹ́ náà ṣe kàn da iyanrìn bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún, tí ẹni náà ò ní béèrè ohun tí láfún wá ṣe lórí ọ̀dà bàlúù?

Nígbà tó yá, ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ọ̀gbẹ́ni Dúrósinmí, ẹnjiníà ìjọba, wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó kọngílá. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ táútáú, gbogbo nǹkan ń dán. Dúrósinmí tẹ́ ìwé sórí mọ́tò, ó yọ bírò. Gàfárù sún mọ́ wọn. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún yóò máa jẹun. Bí bàlúù bá sì wá rì síbẹ̀ ńkọ́, tòun tèrò inú rẹ̀?

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ọ̀dà ibì kan níbẹ̀ ò dáa."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá?"

Ì bá lè parọ́. Kò pa á. "Ìyàwó mi máa ń sá láfún síbẹ̀, sà. Kì í gbẹ."

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún òyìnbó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Dúrósinmí ò rẹ́rìn-ín rárá. Ọmọ Ṣàgámù ni, wọ́n fi láfún tọ́ ọ dàgbà ni.

"Ọjọ́ mélòó ló fi ń gbẹ níbòmíràn?"

"Ọjọ́ kan, sà. Níbẹ̀ yẹn, ọjọ́ mẹ́ta, á sì tún bu."

Dúrósinmí ní kí wọ́n gbé dígà wá. Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ jìn dé orúnkún tí ẹrẹ̀ dúdú fi yọ, omi sì ń sun wá láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rín òyìnbó gbẹ.

Wọ́n hú gbogbo ibẹ̀, wọ́n tún un ṣe fún oṣù mẹ́rin. Gàfárù ńkọ́? Dúrósinmí fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ló ní kó bọ́ káàkí sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin olùṣọ́ lẹ jẹ́ kí èèyàn wọ pápá. Mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

Gàfárù ká aṣọ náà dáadáa, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ la Àjàó Estate kọjá lọ sílé lọ́sàn-án gangan, ó sì gbé orí sókè. Inú mi dùn sí ọkùnrin náà, kí n sọ òótọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti padà sídìí ẹrù rírù.

Lọ́jọ́ tí bàlúù àkọ́kọ́ bà, òun àti Àìná lọ dúró lẹ́yìn wáyà tó yí pápá náà ká. Bàlúù náà sáré dé ibẹ̀ yẹn, Àìná di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú pinpin. Táyà kọjá gẹẹrẹ, mìmì kan ò mì í. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyálọ́mọ kan pọn ọmọ rẹ̀ tó ti sùn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò wo apá ibi tí wáyà wà.

Ọkùnrin kan tó dúró nítòsí yíjú sí Gàfárù. "Bàbá, ta lẹ wá pàdé nínú wọn?"

"Gbogbo wọn," ni Gàfárù dá a lóhùn.