Agogo Ẹ̀yìn Òkè

Màmá Dúró-ná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, torí bí agogo kan bá ti dún nítòsí, ìbáà ṣe ti kẹ̀kẹ́, ìbáà ṣe ti ẹni tó ń kiri ọjà, ńṣe ni yóò dúró gbọnin lójú ọ̀nà bí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Kíláàbù gọ́ọ̀fù kan àtijọ́ ló kọ́ ọ ní ìdúró, ìdúró yìí náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè ilé ìwé mọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ mú un wá sí ẹ̀bá ìlú yìí ní ìyàwó, ilé ò tíì pọ̀ níbẹ̀. Pápá gọ́ọ̀fù ló gba ilẹ̀ lọ rẹrẹ, láti etí ojú irin dé ẹsẹ̀ odò. Àwọn lọ́yà, àwọn dókítà àti àwọn oníṣòwò ńlá ló kówó jọ dá kíláàbù sílẹ̀, kí wọ́n lè ríbi fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù tí kò ju ẹyin ẹyẹ lọ sínú ihò lọ́jọ́ ìsinmi. Ọkọ rẹ̀ ló ń gé koríko. Òun ń fọ aṣọ ìnura àti aṣọ tábìlì wọn lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ̀yìnkùlé ni tọkọtaya náà ń gbà wọlé, iwájú jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́. Kò dùn wọ́n. Iṣẹ́ ni wọ́n bá wá, wọn ò wá bá ẹnikẹ́ni tan.

Òkè kan wà láàárín pápá. Ẹni tó bá dúró níwájú òkè kò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kíláàbù wá gbé agogo idẹ kọ́ sórí òpó lẹ́yìn òkè: àwọn tó bá ti gbá tiwọn tán, tí wọ́n sì ti kúrò níbẹ̀, á lù ú, kí àwọn tó wà níwájú mọ̀ pé ó kàn wọ́n. Ó dára fún wọn. Àmọ́ ẹ̀yìn òkè yẹn gan-an ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ará àdúgbò ń gbà lọ sí ibùdókọ̀ kọjá. Agogo tó ń wí fún ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù pé kò séwu, òun gan-an ni ewu ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ba télọ̀ kan léjìká, tí apá rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, ọkọ Màmá Dúró-ná kó àwọn ará àdúgbò jọ.

"Ẹ gbọ́ o. Bí agogo bá dún, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ bá wà. Ẹ má sáré, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọn bọ́ tán. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pọ̀, pọ̀, nínú koríko, kí ẹ máa lọ."

Télọ̀ ní, "Tá ò bá wá gbọ́ pọ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé orí yín ló bà nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n gbọ́. Aboyún ń dúró, ẹni tó rẹrù ń dúró. Tọkọtaya tó ń jà lọ́nà á panu mọ́ títí bọ́ọ̀lù á fi bọ́, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ìjà dé.

Kíláàbù ò kú lọ́jọ́ kan. Àwọn tó dá a sílẹ̀ di arúgbó, àwọn ọmọ wọn ò nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀pá, òrùlé ń jò, igbó ń bo ihò. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ ń gé koríko tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ mọ́. Wọ́n ta ilẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé tà. Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá náà kú. Àwọn èèyàn ní ọ̀rọ̀ kíláàbù ló bà á lọ́kàn jẹ́ pa. Ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ ni, ikọ́ fée ni. Ẹni tó ti ń fa eruku koríko símú láti ìgbà èwe, kí ló tún fẹ́ fi ìbànújẹ́ ṣe?

Ilé kún orí pápá, títì dé, agogo idẹ bá àwọn oní-irin àlòkù lọ. Ilé kíláàbù nìkan ni wọn ò wó. Wọ́n sọ ọ́ di ilé ìwé.

Ibẹ̀ ni Màmá Dúró-ná ń mú ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, torí ìyá ọmọ, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Àyè ọmọ kan péré ló kù. Ọ̀gá ilé ìwé ti là á mọ́lẹ̀: bí ọmọ náà ò bá sí nínú ọgbà kí wọ́n tó ti géètì lẹ́yìn agogo, ọmọ tó tẹ̀ lé e ló ni àyè. Ilé ìwé tó tún sún mọ́ wọn jù, bọ́ọ̀sì méjì ni, ọmọ náà ò sì ju ìbàdí lọ.

Ẹsẹ̀ bàtà kan tó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló dá wọn dúró nílé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí òkè, wọ́n ń wo géètì níwájú báyìí, ni agogo ilé ìwé dún.

Màmá Dúró-ná dúró.

"Màmá àgbà, ẹ jẹ́ ká sáré! Wọ́n ti lù ú!"

Ó mọ̀ pé kò sí bọ́ọ̀lù kankan. Orí rẹ̀ mọ̀, orúnkún rẹ̀ ni ò gbọ́. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó fọwọ́ bò ó lórí. Àwọn abiyamọ ń sáré kọjá lára wọn. Ó ń tẹ́tí sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù bọ́ pọ̀, àmọ́ kò dún.

"Màmá àgbà, wọ́n á tì í mọ́ mi síta o!" Ẹkún ti gba ọmọ náà lẹ́nu. Ó gbá ìyá àgbà mú láṣọ, ó ń wọ́ ọ lọ bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́. Obìnrin náà ń rìn, ọrùn rẹ̀ ṣì wà láàárín èjìká. Ó ti ń ro ohun tó máa sọ fún ìyá ọmọ.

Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dì í mú, kò tì í. Ó di ojú, ó ká ọrùn bí ìjàpá tí òjò bá lọ́nà. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé ń pariwo: "Bàbá, ẹ ti géètì! Àràárọ̀ la ó máa sọ ọ́ ni?"

Màmá Dúró-ná wo ọrùn yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Arúpò ni wọ́n máa ń pè é, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó máa ń bá àwọn olówó ru àpò ọ̀pá nígbà kan; bọ́ọ̀lù ti bà á létí rí. Irun rẹ̀ ti funfun báyìí.

Ó kọ́kọ́ ti ọmọ wọnú ọgbà. "Wọlé, ọkọ mi." Ó wá rọra sọ fún ọkùnrin náà pé, "Arúpò, ó ti bọ́ tán."

Ó la ojú kan. "Ṣé ó dá yín lójú, ìyàwó Bàbá Oníkoríko?"

"Ìwọ wo iwájú. Ta ló tún kù tí yóò gbá a?"

Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní mo ya ọ̀lẹ."

"Èmi, wọ́n ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ti géètì rẹ, kí wọ́n má baà lé ọ lọ."

Arúpò fa géètì pákó náà dé. Ó bá férémù pàdé: pọ̀.

Ìgbà yẹn ni èjìká Màmá Dúró-ná tó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gèlè wé, ó sì gba orí òkè padà sílé.