Iná Tí Kì Í Rú Èéfín

Ológun ti gbé ìjọba fún alágbádá nígbà náà, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì ṣì wọ́n bí ojú ní Bàrígà. Ìyá mi, tó wá láti abúlé wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti máa gbé lọ́dọ̀ mi, kì í bá wa tò fún un ní Onípanu. Ó ní èédú tirẹ̀.

Ṣùkù tó bá kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yín àgbàdo tán ni wọ́n fi ń ṣe é lábúlé. Àwọn kan ń pè é ní pàǹtírí. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Wọn á sun ún nínú àgbá onírin, wọn á dé e pa kí ó má baà di eérú. Wọn á gún un, wọn á fi sítáàṣì pò ó, wọn á mọ ọ́n róbótó, wọn á sá a. Èyí tó bá rún, wọn á pò ó mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́, wọn á jẹ́ kó jẹrà, wọn á sì dà á sóko. Ilẹ̀ tó ti ṣá tún ń mú ẹ̀fọ́ jáde. Ìyá mi ló kọ́ wọn.

"Kò rú èéfín, kò léwu," ló máa ń fi yangàn. Bí sítóòfù bá ń ta aládùúgbò wa lójú, ìyá mi á ní, "Ìyàwó, ojú ẹ ti pọ́n. Wá yáná lọ́dọ̀ arúgbó."

"Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe èyí tó ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ lẹ fi ń se ẹ̀wà yẹn?" aládùúgbò náà á fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá dé. Ìyá mi gbé ààrò èédú náà wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Nígbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ẹ̀wà ti jóná mọ́ ìkòkò. Mo pe ìyá mi, kò dáhùn. Èmi àti aládùúgbò yẹn la gbé e síta sínú òjò.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ṣàlàyé pé èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, tí a kì í rí, tí kì í rùn, tó sì ń pani nínú yàrá tí a tì pa.

Ìyá mi yè é. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Òjò á ti bẹ̀rẹ̀ lábúlé wa náà."

"Ẹ sinmi, Màmá."

"Èmi ni mo sọ fún wọn pé kò léwu. Wọ́n á ti gbé e wọlé."

Bó ṣe lè dìde báyìí, a lọ sábúlé. Nílé àkọ́kọ́, àwọn obìnrin jókòó yí ààrò ká nínú yàrá.

"Ẹ gbé e síta!"

"Ìyá Èkó dé! Ṣé òjò ni yóò bá wa sè é ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò jókòó, kò mu omi wọn, títí wọ́n fi gbé ààrò náà lọ sábẹ́ àtíbàbà.

Ojú ọ̀run ti ṣú nígbà tí a jáde. Mo bi í léèrè àwọn ilé tó kù tí wọ́n ti ń fi èédú náà dáná. Ó ní òun kò mọ̀. Àwọn tí òun kọ́ ti kọ́ ẹlòmíràn. Mo wo àwọn òrùlé. Láyé tí wọ́n ń fi igi dáná, èéfín ì bá ti júwe ilé tí iná wà fún wa. Kò sí òrùlé kan tó ń rú èéfín. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, òjò sì ti ń kán.