Ọwọ́ Màmá Mi Lórí Kíbọọ̀dù

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni èmi àti màmá mi jọ ń lò nílé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Èmi máa ń fi kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fíìmù. Màmá máa ń fi tẹ ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí ẹ̀, ojú ẹ̀ sì rí bí èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀: àwòrán kéékèèké téèyàn ń tẹ̀, àti máùsì téèyàn ń fà kiri. Fọ́tò òkè Mápó tí mo yà fúnra mi ni mo fi tẹ́ ojú ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́lẹ́tẹ̀ fi irú ojú Linux mìíràn hàn mí. Kò sí àwòrán kankan lójú tiẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣí, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nílẹ̀ bíi táìsì pálọ̀, ìkan ò ní bo èkejì mọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì kíbọọ̀dù nìkan ló fi ń darí gbogbo ẹ̀. Ó wù mí gan-an. Bí mo ṣe délé ni mo gbé e sórí tiwa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá pè mí.

"Ta ló palẹ̀ kọ̀ǹpútà yìí mọ́? Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú, màá dá a padà báyìí."

"Ṣé mo ní kó o dá a padà ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?"

Mo jókòó tì wọ́n, mo fi bọ́tìnnì tó ń ṣí ibi ìkọ̀wé hàn wọ́n, àti èyí tó ń sún un sápá òsì, àti èyí tó ń pa á dé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un tẹ̀, ló bá di pé wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé taipuráítà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Ọwọ́ wọn mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà láìwò ó. Wọ́n ní máùsì gan-an ló ti ń yọ àwọn lẹ́nu, pé ọfà kékeré tó ń gbé kiri máa ń sọnù mọ́ àwọn lójú. Wọ́n ṣí Bíbélì sápá ọ̀tún, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ wà lápá òsì, wọ́n sì ń kọrin sí i.

Èmi tí mo gbé e wálé ni mi ò lè bá a lọ. Mo ń gbàgbé bọ́tìnnì. Nídìí iṣẹ́ tèmi, mo fẹ́ fọwọ́ fa ọ̀rọ̀ lọ síbi tí òṣèré ti la ẹnu, kì í ṣe kí n máa há bọ́tìnnì sórí. Fọ́tò mi pàápàá ń wù mí í rí.

"Màmá, ti tẹ́lẹ̀ yẹn ló bá mi lára mu."

Ẹ̀rín pa wọ́n. "Dá tìẹ padà, àmọ́ má fọwọ́ kan tèmi."

Kò le rárá. Méjèèjì lè jọ wà nínú kọ̀ǹpútà kan. Béèyàn bá ti tàn án, á mú èyí tó bá fẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Àlàájà tó múlé tì wá, tí wọ́n ń ta òfì l'Ọ́jẹ̀, wá kí màmá. Àlàájà dúró lẹ́yìn àga màmá, wọ́n ń wò bí gbogbo nǹkan ṣe ń to ara ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣe ìyẹn?"

"Èmi ni. Ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ yín wá."

Mo gbé àga kan wá fún Àlàájà. Àwọn méjèèjì ò kúrò nídìí ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsárì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.